Ìrìn-àjò Ọdẹ́jìmí sí Ọjà Onírùngbọ̀n

Ẹ fún mi láyè kí n jókòó dáadáa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kún iwájú ilé mi yìí, mo mọ ohun tí ẹ bá wá, kì í ṣe ìtàn ni ẹ fẹ́ gbọ́. Láti ìgbà tí àwọn ọmọkùnrin ìlú yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá irùngbọ̀n sí, kò sí ẹni tó kí mi ní ẹ kú àárọ̀ tí kò fi ìbéèrè lé e. "Bàbá, òróró wo lẹ fi ń pa tiyín? Ọṣẹ wo lẹ fi ń fọ̀ ọ́? Òòyà wo ló dára jù?" Ó ti sú mi. Nítorí náà, kí ẹni tó ń pa ẹ̀pà lẹ́yìn yẹn dáwọ́ dúró, kí ẹni tó gbé ọmọ wá fún un lọ́yàn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni n ó sọ ọ́. Ẹni tó bá tún bi mí lẹ́yìn òní, ìbọn tó wà lára ògiri yẹn ni kó lọ bi.

Èmi Ọdẹ́jìmí ni mò ń sọ̀rọ̀ o. Ẹ̀yin mọ̀ mí sí arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n láyé ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì le, bí mo bá ti ń wọ igbó, ẹfọ̀n á ti máa dágbére fún aya rẹ̀. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, lọ bi bàbá rẹ. Rárá, má bi í, òun náà bẹ̀rù mi débi pé kò ní sọ òótọ́.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo pa ẹkùn. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Méjì ni mo sọ fún àwọn àna mi, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni. Ní ìlú wa, ọdẹ tó bá pa ẹkùn, abẹ kò gbọdọ̀ kan àgbọ̀n rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹkùn ní ẹbí, ẹbí rẹ̀ a sì máa dá ojú apani mọ̀. Irùngbọ̀n ni ọdẹ fi ń bo ojú rẹ̀ títí inú wọn yóò fi rọ̀. Ẹni tó bá fá a kí ọdún mẹ́ta tó pé, wọn á tọ ipasẹ̀ rẹ̀ wálé, wọn kò sì ní bèèrè ẹni tó jẹ̀bi lára àwọn ará ilé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Irùngbọ̀n yìí bá ń dàgbà. Ó kọjá ọrùn, ó dé àyà, ó ń wá ọ̀nà ìdodo. N kò mọ̀ pé ẹrù ni. Bí mo bá jẹun, ó bá mi jẹ ẹ́. Bí mo bá yan ẹran, gbogbo èéfín ibẹ̀, òun ló ń gbà á. Èèmọ́ inú igbó lẹ̀ mọ́ ọn, ó lọ́ mọ́ra, ó ta kókó. Lọ́jọ́ kan ni mo bá egungun ẹja nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò jẹ ẹja láti ọjọ́ kẹfà.

Ìyàwó mi ń jẹ́ Ìbídùn. Mo fẹ́ràn obìnrin náà, ẹ jẹ́ kí n wí i bó ṣe rí. Ọdún kẹrin tí mo gbé e níyàwó nìyẹn, ọmọ kò tíì dé, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń sọ̀sọkúsọ, ṣùgbọ́n bí mo bá ti igbó dé tí n kò bá a nílé, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ń mú, mo jókòó tì í, ó dìde. Mo tún sún mọ́ ọn, ó fi aṣọ bo imú, ó sáré jáde, ó bì. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Ó ní, "Bàbá ọdẹ, mo ti gbìyànjú. Láti ọjọ́ mélòó kan yìí, n kò lè sùn sínú yàrá kan náà pẹ̀lú irùngbọ̀n yín. Ó ń rùn. Ọ̀kan nínú wa máa jáde nílé yìí, yálà èmi, yálà òun."

Mo ní, "Ìbídùn, o mọ̀ pé n kò lè fá a. Ṣé kí ẹkùn wá pa wá ni?"

Ó ní, "N kò ní kí ẹ fá a. Ẹ tọ́jú ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣu tuntun bá dé tí ohun yẹn ṣì ń rùn báyìí, ilé bàbá mi ni mo ti máa jẹ tèmi."

Ẹ̀rù bà mí. Mo ti dojú kọ ẹkùn, ẹ̀rù kò bà mí tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ Ìbídùn, kì í sọ ọ̀rọ̀ kó gbé e mì.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹnì kan ní ewé ewúro, ẹnì kan ní omi ògì, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa fi èéfín igi ìdáná sun ún, bí ẹni pé èéfín tó wà níbẹ̀ kò tíì tó. Sùbérù onígbàjámọ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi ń pọ́n abẹ. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ìgbà tó sú mi ni mo tọ olórí àwa ọdẹ lọ, Bàbá Ọdẹ́wùmí, ẹni tó ti pa ẹkùn nígbà tí wọn kò tíì bí bàbá mi. Ó ní kí n lọ sí Ọjà Onírùngbọ̀n nínú Igbó Àìmúkúrò, nítorí àwọn iwin ibẹ̀ ti ń dá irùngbọ̀n sí kí ilẹ̀ tó gbẹ. Ó ní, "Òòyà kan, ọṣẹ kan, òróró kan. Rà á, kí o máa bọ̀." Mo ní kò ju iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ. Mo sọ fún Ìbídùn pé kó fi ọbẹ̀ sílẹ̀ fún mi lórí iná.

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo wọ Igbó Àìmúkúrò láàárọ̀, ìgbà tí oòrùn yóò fi kan àtàrí, mo bá ohun kan tó nà gbalaja dí ọ̀nà, ó dúdú, ó nípọn tó igi ọ̀pẹ. Mo rò pé erè ni. Mo gbé ìbọn. Àṣé irùngbọ̀n ni. Irùngbọ̀n iwin kan tí wọ́n ń pè ní Atẹ́rùngbọ̀n-bí-ẹní ni, ó ti tẹ́ ẹ gba inú igbó kọjá, n kò rí orí rẹ̀, n kò rí ìdí rẹ̀. Mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ dá a kọjá, ni ẹyẹ kan bá sọ̀rọ̀ láti orí igi pé, "Ọmọ ènìyàn, ta ló ń dá irùngbọ̀n àgbà kọjá ní ìlú yín?"

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ náà tọ̀nà, bí ó tilẹ̀ bí mi nínú. Mo bá ń tọ ẹ̀bá irùngbọ̀n náà lọ láti wá ibi tó parí sí. Ọjọ́ méje ni mo fi rìn lẹ́bàá irùngbọ̀n ẹnì kan. Ní ọjọ́ keje mo dé ṣóńṣó rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ ìdí ìrókò, aràrá kan sì jókòó ti kókó náà.

Mo kí i, mo ní mo fẹ́ kọjá sí ọjà.

Ó ní, "Ṣé o ti kí ẹni tó ni ín?"

Mo ní, "Níbo ló wà?"

Ó nawọ́ sí ibi tí mo ti ń bọ̀. Ó ní, "Ibi tí irùngbọ̀n ti hù ni àgbọ̀n wà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ, mo gbé ìbínú mì, mo rin ọjọ́ méje padà sí ibi tí mo ti kọ́kọ́ bá a, mo tún rin ọjọ́ mẹ́ta sí i kí n tó rí orí baba náà. Ó ń sùn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ kú ìsinmi o, baba. Ó la ojú kan, ó ní, "Kú ìrìn," ó tún pa á dé. Ó tán. Nítorí ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni mo fi rin ọjọ́ mẹ́wàá, mo sì tún ní láti rin ọjọ́ mẹ́wàá mìíràn kí n tó padà dé ọ̀dọ̀ aràrá. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé irùngbọ̀n kì í gba àkókò ẹni, ẹ sọ fún un pé Ọdẹ́jìmí ní irọ́ ló ń pa.

Nígbà tí mo wọ ọjà, ọ̀dọ̀ Ìyá Olóòyà ni mo kọ́kọ́ dé. Iwin ni obìnrin náà, ọwọ́ rẹ̀ kan ní ìka mẹ́rìndínlógún, òòyà ló fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, òòyà ló tò yí ara rẹ̀ ká títí dé èjìká. Onígi wà níbẹ̀, onírin wà níbẹ̀, oníwo ẹfọ̀n wà níbẹ̀. Mo ní mo fẹ́ ra òòyà. Ó ní òun kì í ta fún òpè, kí n kọ́kọ́ já àlọ́ kan.

Ó ní, "Ogún ọmọ ìyá kan, wọ́n jọ wọ igbó dúdú. Wọn kò gbé ìbọn, wọn kò mú ajá. Wọ́n la igbó já, wọn kò pa ẹran kankan bọ̀. Kí ni o?"

Inú mi dùn. Ta ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ igbó dán wò, bí kì í bá ṣe èmi? Mo ní, "Àwọn ọdẹ ìlú kejì wa ni. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ọmọ ènìyàn, òòyà ló wà lọ́wọ́ mi, òòyà ló wà lọ́rùn mi, òòyà ni mo jókòó lé. O wá ra òòyà. O ní ọdẹ."

Ìyà tó fi jẹ mí ni pé ó fi èékún rẹ̀ méjèèjì há mi, ó mú òòyà onírin, ó kì í bọ inú irùngbọ̀n mi láti orí àgbọ̀n, ó fà á wálẹ̀. Igbe tí mo ké, gbogbo iwin ọjà ló dìde. Ó fa èèmọ́ jáde, ó fa egungun ẹja, ó fa ìyẹ́ àparò, ó fa ṣíbí kan tí Ìbídùn ti wá títí tó sì ti bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi jà lé lórí. Omi bọ́ lójú mi. Kò sí ẹkùn tó ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó tó fún un, ó sọ onírin sílẹ̀, ó mú onígi tí eyín rẹ̀ jìnnà síra, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ń gòkè wá díẹ̀díẹ̀, n kò sì mọ̀ ọ́n lára.

Ó ní, "Láti ìsàlẹ̀ ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti àgbọ̀n, ńṣe ló ń lé gbogbo kókó jọ sójú kan." Ó fún mi ní òòyà onígi náà, ó kó irun tó já sílẹ̀, ó ní iyẹn ni owó òun.

Ẹ̀yin tí ẹ wá nítorí òòyà, ẹ ti gbọ́ tiyín. Ẹ lè máa lọ. Ẹ kò lọ? Ẹ jókòó nígbà náà, kí ẹ gbọ́ ibi tí mo ti ba ayé ara mi jẹ́.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọṣẹ àti òróró ló kàn. Ẹlẹ́nu-méjì ni wọ́n ń pè é, ẹnu méjì ló sì ní lóòótọ́, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ìkòkò òróró rẹ̀ lọ jàǹrẹrẹ, ojú kò tó òpin rẹ̀. Mo mú òrí. Ẹnu ọ̀tún ní, "O mọ nǹkan án rà. Òrí ló ń mú irùngbọ̀n rọ̀." Mo ní kó wọ̀n ọ́n fún mi. Ẹnu òsì ní, "Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, yóò dì gbagidi, wàá máa fi igi lù ú kó tó tẹ̀." Mo gbé e sílẹ̀, mo mú òróró àgbọn. Ẹnu ọ̀tún yìn ín títí, ẹnu òsì ní eèrà fẹ́ràn rẹ̀. Mo mú àdín. Ẹnu ọ̀tún ní kò sí ohun tó ń mú irun dúdú tó o. Ẹnu òsì ní, "Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ó fẹ́ràn òórùn àdín?"

Ibẹ̀ ló ti mú mi. N kò mọ̀. Ọdún kẹrin tí mo ti fẹ́ obìnrin náà, n kò mọ òórùn tó fẹ́ràn. Mo bá dúró. Mo ní n kò gbọdọ̀ mú èyí tí kò dára lọ sílé, torí bí mo bá mú àdín tó sì jẹ́ òrí ló fẹ́, ó parí nìyẹn. Mo ń gbóòórùn èyí, mo ń gbóòórùn tọ̀hún, nígbà tó yá imú mi kò mọ ìyàtọ̀ ọṣẹ àti òróró mọ́.

Ọkùnrin arúgbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń ṣe bíi tèmi, Ajíbóyè lorúkọ rẹ̀, ọmọ ènìyàn ni. Ọṣẹ dúdú méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ọ̀kan, ó ń wo èkejì. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó ti wọ́ nílẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ó ti pẹ́ tí ẹ ti dé?"

Ó ní, "Kò pẹ́. Nígbà tí mo dé, dúdú ni irùngbọ̀n yìí. Gbọ́, ọmọ mi, bá mi wò ó, èwo ló máa ń hó jù?"

Ó yẹ kí n sá nígbà yẹn. Mo bá a wò ó. Àwa méjèèjì jọ wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lé mi lórí níbẹ̀, wọ́n jẹ àgbàdo níbẹ̀ ó tán, mo ṣì ń bèèrè lọ́wọ́ ẹnu méjì tí kò lè bá ara wọn sọ òótọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ọ̀sán kan láti ra fìlà.

Ní ọjọ́ kan ni òórùn kan bá kọjá gbogbo òórùn yẹn wá bá mi. Iwin kan ń sun iṣu lẹ́yìn ìsọ̀, iṣu náà funfun, omi ṣì ń yọ lára rẹ̀. Mo bi í pé iṣu wo nìyẹn. Ó ní, "Tuntun ni. Àná la wà á."

Ọjọ́ tí Ìbídùn dá fún mi ti pé. N kò yàn mọ́. Mo gbá òrí, mo gbá àdín, mo gbá òróró àgbọn, mo da ọṣẹ mẹ́sàn-án sínú àpò, mo já sísọ́ọ̀sì kan pẹ̀lú jígí kan gbà lọ́nà, mo fi awọ ẹtu mẹ́ta tó wà lára mi sílẹ̀ dípò wọn, mo sì sá. Mo ní kí Ajíbóyè jẹ́ ká lọ. Ó ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ fi ọṣẹ ọwọ́ òun wé ọ̀kan sí i. Nígbà tí mo dé ibi irùngbọ̀n tó dí ọ̀nà, n kò bèèrè lọ́wọ́ ẹyẹ, n kò bèèrè lọ́wọ́ aràrá. Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì fò ó. Ó jọ pé mo rìn ín ní ìgìgìrì, nítorí mo gbọ́ tí baba náà sín láti ọ̀nà jíjìn, atẹ́gùn sísín náà gbé mi lókè igi, ó sì jù mí sẹ́bàá odò ìlú wa. Ìwọ tó ń mi orí, ṣé ìwọ ti fo irùngbọ̀n iwin rí?

Mo wẹ̀ lódò yẹn. Mo fọ irùngbọ̀n mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo yà á láti ìsàlẹ̀, mo fi òrí pa á. Ó ń dán. Mo rọra gba ẹ̀yìnkùlé, mo ń wò ó bóyá n ó bá ẹrù Ìbídùn nílẹ̀ ní dídì, àbí n kò tilẹ̀ ní bá a mọ́.

Mo bá a lẹ́yìnkùlé. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń wẹ ọmọ jòjòló kan lórí wọn.

Mo ní, "Ọmọ ta nìyẹn?" Ẹ wo ìbéèrè tí àgbàlagbà bi.

Ó da omi sẹ́yìn ọmọ, ó yí i padà, ó fọ abíyá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo tú àpò, mo to gbogbo rẹ̀ síwájú rẹ̀, òòyà, ọṣẹ mẹ́sàn-án, òróró mẹ́ta. Mo na irùngbọ̀n sí i. Mo ní, "Gbóòórùn rẹ̀, Ìbídùn. Kò rùn mọ́."

Ó ní, "Kò rùn nígbà yẹn náà ju bí irùngbọ̀n ọdẹ ṣe ń rùn lọ. Oyún ló wà nínú mi, èmi náà kò mọ̀. Ẹ kò tíì lọ tó oṣù kan tí iyán fi ń rùn sí mi. Omi rùn sí mi. Ìyá tó bí mi lọ́mọ wọlé wá kí mi, mo bì sí wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn ni wọ́n sọ ohun tó ń ṣe mí."

Mo ní, "Kí ló dé tí o kò ránṣẹ́ pè mí?"

"Ẹni mẹ́ta la rán. Wọ́n ní àwọn bá irùngbọ̀n kan lójú ọ̀nà, àwọn kò rí òpin rẹ̀."

Mo yọjú wo yàrá. Mo ní, "O kò di ẹrù."

Ó ní, "Ta ló ń fi oyún sínú di ẹrù nítorí irùngbọ̀n? Mo dúró. Ẹ̀yin ni ẹ kò sí nílé." Ohùn rẹ̀ kò le, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó nu ọmọ náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ọmọbìnrin ni. Ó ti pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún lókè eèpẹ̀, mo ti ń pe orúkọ lóríṣiríṣi fún un nínú ọkàn mi láti ọdún kẹrin, orúkọ ńlá ńlá, orúkọ tí a fi ń dúpẹ́.

Mo ní, "Ṣé wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ?"

Ó ní, "Àwọn bàbá yín dúró dè yín títí di ọ̀sán ọjọ́ kẹjọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n wo ilé, wọn kò bá yín níbẹ̀."

Kò dìgbà tó bá wí i kí n tó mọ̀. Ọmọ tí a bá bí nígbà tí bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn odi, orúkọ kan ló ní nílẹ̀ Yorùbá. Abídèmí ni. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè, omi ojú mi sì ń kán sínú òrí tí mo fi pa irùngbọ̀n.

Ìbídùn dárí jì mí. Ó tilẹ̀ fẹ́ràn òrí náà, òun ló lò ó tán sára ọmọ. Abídèmí ti di ẹni ogójì ọdún báyìí, ó ti bí tirẹ̀. Kò sí ibi tó máa dé tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí wọn kò ní bi í pé níbo ni bàbá rẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n ń bí i. Èsì kan náà ló máa ń fún wọn, kì í rẹ́rìn-ín, kì í bínú. Á ní, "Wọ́n lọ ra ọṣẹ."